Ìdí Tí Ẹja Ìjẹ Fi Ń Kú Lọ́wọ́ Nàímátù

                                        Ilé Bàbá Akínladé,
                                        Kpakungu,
                                        Minna.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejìlá, 1961.

Nàímátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àbdùlsàlámì ọkọ wa ńkọ́? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tí ń yọ wọ́n lẹ́nu ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, àbí wọ́n ti gbàgbé Haúsá pátápátá, tí ó fi jẹ́ Ẹ̀gùn ni wọ́n fi ń bú ara wọn báyìí? Gbogbo wa níbí wà lálàáfíà. Ọyẹ́ ti dé, ètè oníkálukú ti là, ṣùgbọ́n kò sí àìsàn nínú ilé. Bàbá rẹ, Àfáà Bẹ̀llò, le koko. Mo yà kí wọn lẹ́yìn Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé àdúrà àwọn kò dúró lórí rẹ. N kò sọ ohun tí o kọ sí mi fún wọn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. O ní láti ìgbà tí ọkọ rẹ ti fi iṣẹ́ rélùwéè sílẹ̀ níbí, tí ẹ kó lọ sí ìlú wọn ní Àgbádárìgì, iṣẹ́ ẹja ìjẹ ti di tìrẹ. Láàárọ̀ kùtù ìwọ ni ó ń lọ kó ìgèrè tí ẹ fi ń dẹ ẹja nínú ọ̀sà, ìwọ náà ni ó ń ṣa ẹja wẹ́wẹ́ tí ọkọ rẹ bá fi àwọ̀n jíjù kó, tí o ń kó wọn sínú garawa omi kí wọ́n lè gbé wọn láàyè lọ sójú òkun fi dẹ ìwọ̀, nítorí ẹja ńlá tí wọ́n ń pè ní kúta kì í wo òkú ẹja lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó dé òkun, ẹja ti yí ikùn sókè. Nígbà tí àbúrò ọkọ rẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, wọn kì í kú. Ni ìyá ọkọ rẹ bá ní ọwọ́ rẹ ni. Wọ́n ní bí Rámádàánì bá dé tí ẹja ṣì ń kú, àwọn yóò fẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn fún Àbdùlsàlámì kí ó máa tọ́jú ìjẹ, kí ìwọ wá sinmi ní Minna fúngbà díẹ̀. Nàímá, èmi àti ìwọ mọ obìnrin méjì tí wọ́n wá sinmi fúngbà díẹ̀, tí wọ́n ṣì ń sinmi títí di òní.

Inú mi bàjẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún ọ, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé, kí ló tilẹ̀ ń pa wọ́n ná? O mọ bí mo ṣe rí. Ìyá mi ní ìbéèrè ni yóò pa mí lọ́jọ́ tí ikú kò bá rí nǹkan mìíràn lò. Mo bi àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo wo ìwé ẹ̀kọ́ nípa ẹranko tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa, àwòrán kìnnìún ló kún inú rẹ̀. Nígbà tó di Sátidé, mo wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Chanchaga, nítorí mo mọ̀ pé àwọn Tápà apẹja wà létí odò níbẹ̀.

Ìyá àgbàlagbà kan ni mo bá, Nna Fátì ni wọ́n ń pè wọ́n. Haúsá ni a jọ ń sọ. Ọkọ wọn a máa fi ẹja wẹ́wẹ́ tó wà láàyè dẹ ìwọ̀ fún àwọn ẹja ńlá inú ibú. Nígbà tí mo ṣàlàyé pé ọ̀rẹ́ mi ń gbé létí omi tó ní iyọ̀, tí ènìyàn kò lè mu, wọ́n ní, "Haba, màlámà, ta ló da iyọ̀ sí i?" Jọ̀wọ́, bá mi bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀. Kí o sì sọ fún mi bí ẹja ọ̀sà ṣe ń ṣe é tí iyọ̀ òkun kì í fi í pa á.

Mo jókòó ti ìgèrè wọn bí ẹni tó ń wo sinimá. Ìmọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n là wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi hun ún, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ níta, ó tín-ín-rín nínú. Èérí ọkà bàbà tí wọ́n fi omi pò ni wọ́n ń jù sí inú rẹ̀. Mo bèèrè ìdí tí ẹja kì í fi í gba ibi tó gbà wọlé jáde. Nna Fátì ní ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ẹja máa ń rìn tí ẹ̀rù bá bà á, bẹ́ẹ̀ àárín gbùngbùn ni ẹnu ọ̀nà wà. Ọkọ wọn náà ju àwọ̀n fún mi wò. Ó fi eyín di etí kan mú, ó yí ara, àwọ̀n náà ṣí sílẹ̀ bí ẹní tí a tẹ́, òjé etí rẹ̀ sì wọ omi lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní ẹja ìgèrè máa ń pẹ́ láyé ju ti àwọ̀n lọ, nítorí okùn àwọ̀n a máa ha ẹja lára. Nítorí náà, ti ìgèrè ni kí o kó fún òkun, kí o fi ti àwọ̀n se ọbẹ̀.

Nna Fátì fún mi ní igbá omi kan, àwọn náà mú ọ̀kan. A ṣa ẹja mẹ́wàá mẹ́wàá sínú rẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, tiwọn ń wẹ̀, tèmi ti kú, ó ku méjì. Mo ní oòrùn ni. Ní Sátidé kejì, abẹ́ igi kan náà ni a gbé igbá méjèèjì sí, omi kan náà ni a bù, iye kan náà ni a kó. Tèmi tún kú. Ẹ̀rù bà mí, Nàímá. Mo ní àbí òótọ́ ni ìyá ọkọ rẹ ń sọ, pé ọwọ́ àwa tí a dàgbà sí Minna ni kò bá ẹja mu?

Níbẹ̀ ni Nna Fátì fa ọwọ́ mi, tí wọ́n gbé e sí imú. Wọ́n ní, "Kàdànyà." Òrí ni, òrí tí mo fi para láàárọ̀ nítorí ọyẹ́. Wọ́n ní kí n tẹ ojú mọ́ omi inú igbá mi. Ó ń dán yinrin, àfi bí ìgbà tí kẹrosíìnì bá kán sí i. Wọ́n ní ojú omi ni ẹja ti ń rí èémí, bí ọ̀rá bá ti bò ó, ó tán nìyẹn. Wọ́n fi eérú àti iyanrìn fọ ọwọ́ mi títí ó fi ń ta mí. Ẹja tí mo tún ṣà lẹ́yìn náà, mo gbé wọn wọ ọkọ̀ akẹ́rù dé Kpakungu, láàyè ni gbogbo wọn dé.

Kò tíì tó mi. Mo pín wọn sí abọ́ méjì nílé, mo ki ìka tí mo fi òrí pa bọ inú ọ̀kan. Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán ọjọ́ kejì, ti inú abọ́ tí òrí wà ti kú tán. Mo jókòó sílẹ̀ wò wọ́n. Ìgbà náà ni ó wá yé mi. Nínú lẹ́tà rẹ, o ní omi iyọ̀ ń bó ọ lọ́wọ́, o ń fi òrí pa á láàárọ̀ kí o tó lọ sọ́sà. Ta ló ń fi òrí náà ránṣẹ́ sí ọ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta? Èmi ni. Tìfẹ́tìfẹ́ ni mo fi ń dì í. Jọ̀wọ́, má bínú sí mi.

Láti òní lọ, alẹ́ ni kí o máa fi òrí para, lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí. Láàárọ̀, fi eérú fọ ọwọ́ àti apá rẹ dé ìgúnpá, kí o sì fọ garawa náà, nítorí ọ̀rá ti lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí o fetí sí dáadáa. Má kọ́kọ́ sọ fún Àbdùlsàlámì. Mo mọ ọkọ wa, inú rẹ̀ yóò dùn, yóò sáré lọ bá ìyá rẹ̀ pé ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọwọ́ ìyàwó mi. Ìyá kò ní gbàgbé ìtìjú náà títí ayé. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o lọ kúnlẹ̀, kí o ní, "Ìyá, ẹ ṣeun, òótọ́ lẹ sọ, ọwọ́ mi ni." Nítorí òótọ́ náà ni. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, èmi tí mò ń kọ́ ọmọ níwèé, ẹja bí ogún ni mo pa kí n tó rí i. Lẹ́yìn náà kí o wá sọ ti òrí fún wọn, kí o ní kí wọ́n wá dúró tì ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí wọ́n rí bí o ṣe ń ṣe é. Ìyàwó tó gbà pé ìyá ọkọ rí òótọ́, ó ṣòro kí wọ́n tó lé e.

Ìgèrè méjì tí Nna Fátì hun ń bọ̀ nínú ẹrù tí mo fi rán ọ̀gbẹ́ni Oyèdìran tó ń bọ̀ ní Èkó, pẹ̀lú àpò èérí ọkà bàbà kékeré kan. Bá mi kí àwọn ọmọ. Bá mi kí àbúrò ọkọ rẹ, kí o má sì dì í sínú, kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá mi ní kí n kí ọ.

Bí ìyá bá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, tí wọ́n ṣì ní kí o máa lọ, má di ẹrù kankan. Kọ̀wé sí mi. N ó tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa, n ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá, n ó kúnlẹ̀ níwájú wọn, n ó sì sọ fún wọn pé èmi ni mo pa ẹja wọn.

Èmi ni tìrẹ tí kì í yé bèèrè,

                                        Oyèbọ́lá Akínladé.