Màámi, Ẹ Má Gba Kẹ̀kẹ́ Lọ́wọ́ Mi

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ilé, ẹ kú àárò ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Dallas níbí, orúnkún méjèèjì ló wà nílẹ̀, ọkọ mi sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ńkọ́? Ẹ bá mi kí wọn. Mo kí Bọ̀dá Lásísì àti ìyàwó wọn, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ìsẹ́yìn. Ara wa le, ayọ̀ wa sì pọ̀. Màámi, ilé ọkọ dùn! Ẹ ò sọ fún mi pé ó dùn tó báyìí.

A gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí wasáàpù nígbà tí ẹ rí fọ́tò mi nínú koríko, tèmi ti kẹ̀kẹ́. Ẹ ní ṣé àna yín ti ta mọ́tò ni, tí ìyàwó tuntun fi ń gun kẹ̀kẹ́ kiri ìlú òyìnbó. Ẹ ní obìnrin tó ń retí oyún kì í gun irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí n dá a padà kíá. Bọ̀dá Lásísì gba fóònù lọ́wọ́ yín, wọ́n ní bí ìyà bá ń jẹ wá, kí a má fi pa mọ́ fún àwọn. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ohun tí mo lè fi ṣeré. Láti ọjọ́ náà ni kẹ̀kẹ́ ti fara ti ògiri, mi ò fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, kí gbogbo ilé lè jọ kà á.

Mọ́tò wà o! Òun ni ọkọ mi ń wà lọ síbi iṣẹ́ ní Farmers Branch. Wylie, ìlú kékeré ẹ̀gbẹ́ Dallas tí à ń gbé, jìnnà síbẹ̀, nítorí náà àárọ̀ kùtù ló ń jáde, ó sì ku èmi nìkan. Wọn ò tíì fún mi ní ìwé àṣẹ iṣẹ́. Títì ni gbogbo ilẹ̀kùn àdúgbò wà, oòrùn sì ń ta bí iná. Èèyàn lè wà lójúde látàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni má kí i. Èmi tí mo dàgbà nínú agbo ilé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá fíríìjì sọ̀rọ̀.

Ọkọ mi ṣàkíyèsí. Aládùúgbò kan ń kó lọ, ó bá ra kẹ̀kẹ́ méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí a máa gùn ún lọ sétí adágún ní ìrọ̀lẹ́. Mo fọ́nnu pé mo mọ̀ ọ́n gùn dáadáa. Láti sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti gùn ún kẹ́yìn! Kẹ̀kẹ́ ń lọ sọ́tùn-ún, èmi ń lọ sósì, atẹ́gùn Dallas sì ń tì mí bí ẹni tó ń bá mi jà. Ọkọ mi di ìjókòó mú lẹ́yìn, ó ń sáré, ó ń ké pé olólùfẹ́ òun, má wo ẹsẹ̀, iwájú ni kí o wò. Kò pẹ́, mo ń dá a gùn. Màámi, inú mi dùn débi pé mo kígbe lójú pópó.

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe dénú koríko. Alhaja àgbàlagbà kan wà ní mọ́ṣáláṣí wa, ọmọ Ìbàdàn. Wọ́n ń rìn bọ̀ létí adágún. Ẹ̀kọ́ ilé tí ẹ kọ́ mi ló fà á, mi ò lè kọjá lára àgbà kí n má kúnlẹ̀. Mo gbàgbé pé orí kẹ̀kẹ́ ni mo wà! Mo tẹ orúnkún méjèèjì pé ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, ẹsẹ̀ yọ, kẹ̀kẹ́ yà bàrá, mo bá ara mi nílẹ̀. Kò sí ibi tó dùn mí. Alhaja ní àwọn ti gbọ́ ìkíni mi, kí n dìde, pé láyé àwọn, àwọn ò rí ìyàwó tó ń kúnlẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Àwọn náà ló ya fọ́tò. Nísinsìnyí, bí wọ́n bá ti rí mi lókèèrè, wọ́n á nawọ́ sókè pé kí n má kúnlẹ̀ o, kí n máa gùn ún lọ. Kẹ̀kẹ́ ló jẹ́ kí n rí ẹni tí mò ń kí ní ìlú yìí.

Ní ti oyún, mo bi dókítà, wọ́n ní kẹ̀kẹ́ kò dí i lọ́wọ́. Ọjọ́ tí Ọlọ́run bá ṣe é, èmi fúnra mi ni màá sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ rántí pápá ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn ilé wa? Kẹ̀kẹ́ Bàbá mi ga jù mí lọ. Ẹ̀yin lẹ ká ìró yín sókè, tí ẹ di ìjókòó mú, tí ẹ ń sáré. Mo ń ké pé kí ẹ má fi mí sílẹ̀, ẹ ń dáhùn pé ẹ wà lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ẹ ti wà lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ ń pàtẹ́wọ́. Mi ò mọ ìgbà tí ẹ fi ìjókòó sílẹ̀.

Bí ẹ bá ní rárá, màá gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ ṣe bí ẹ ti ṣe ní pápá ọjọ́ náà. Ẹ fi ìjókòó sílẹ̀, kí ẹ máa pàtẹ́wọ́. Ọkọ mi ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà báyìí, fóònù mi sì wà níwájú mi, mò ń retí ohùn yín.

Ọlọ́run á dá ẹ̀yin àti Bàbá mi sí fún wa, ẹ ó fi ẹ̀yìn yín pọn ọmọ wa. Ẹ bá mi kí tẹrú-tọmọ, títí kan gbogbo ẹni tó ń bèèrè bóyá a ti ta mọ́tò.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràfíátù, ìyàwó tuntun