Ìyá Ẹlòmíràn Lórí Omi Dídì

Màámi, abiyamọ mi tòótọ́,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè àlàáfíà lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ. Ẹ jẹ́ kí n kàn jókòó tì yín díẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tí ẹ bá ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà, tí ẹ ń kọ orin ìjọ lábẹ́nú, tí ẹ kò ní gbójú sókè, ṣùgbọ́n tí ẹ mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Ilé wà dáadáa. Ṣẹ́gun àbúrò mi ti pààrọ̀ páànù iwájú ilé tí ìjì ká lọ. Ó ní igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé so gan-an lọ́dún yìí, pé àwọn ọmọ àdúgbò ló ń ká a jẹ, òun ò sì lé wọn. Ẹ̀yin náà ò ní lé wọn. Ó ní ẹlòmíràn ti ń jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó láàárín àwọn akọrin. Mo mọ̀ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Síbẹ̀, nígbà tó sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, mo ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, mo pa fóònù.

Òtútù ibí kì í ṣe òtútù tí ẹ mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ bàbá wa sùn bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ yẹ́ẹ́, tí ẹ ó fi òrí pa àtẹ́lẹsẹ̀ gbogbo wa títí ilẹ̀ yóò fi máa yọ̀ wá! Bí ẹ bá rí ti ìlú yìí, ẹ ó ní ọyẹ́ Akúrẹ́ ń ṣeré ni. Odò ńlá tó la ìgboro kọjá ti dì gbagidi, àwọn èèyàn ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹni ń rìn lójú títì. Oòrùn ń ràn, kò sì mú nǹkan kan gbóná. Ó dà bí oòrùn tí ọmọdé yà sára ògiri.

Mo ṣì wà níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn. Ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa, bí iṣẹ́ bá sì parí, kálukú á gba ọ̀nà ilé rẹ̀. Nígbà tí mo padà dé láti ibi ìsìnkú yín, obìnrin tí a jọ ń ká aṣọ béèrè bóyá mo gbádùn ìsinmi mi. Mo ní mo gbádùn ẹ̀. Ó ní ara mi ń dán. Kí ni ǹ bá sọ fún un, Màámi? Ibo ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀? Orúkọ tí ẹ sọ mí gan-an, wọ́n ti gé e kúrú níbi iṣẹ́, ó sì máa ń pẹ́ kí n tó rántí pé èmi ni wọ́n ń pè.

Mo ti ń ronú nípa ìgbà tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára ìpínlẹ̀ wa. Mo kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rántí. Ẹ̀yin àti Ìyá Bísí jọ ń tẹ̀wé ní sẹkitéríàtì, ẹ jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà lọ́sàn-án. Ìyá Bísí di ẹrù wọn, wọ́n bá àwọn òṣìṣẹ́ Èkìtì yòókù lọ sí Adó. Gbogbo ìlú ń sọ̀rọ̀ Oǹdó tuntun, Oǹdó tuntun, ẹ̀yin sì ń gbé abọ́ oúnjẹ bọ̀ láti ibi iṣẹ́ láì jẹ ẹ́ tán. Mo bi yín pé kí ló dé, ẹ ní oúnjẹ ló pọ̀ jù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé mi ni. Ta ló bá yín sọ̀rọ̀ nígbà náà? Ṣé ẹ rí ẹnì kan tí ẹ lè sọ fún?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé ni mo fẹ́ sọ fún yín. Lọ́dọọdún, nígbà tí òtútù bá le jù, àwọn ará ìlú yìí máa ń ṣọdún rẹ̀. Ọdún òtútù, Màámi! Ohun tí àwa ń sá fún ni wọ́n ń bá jó. Wọ́n á gé omi dídì bí ẹni gé búlọ́ọ̀kù, wọ́n á fi kọ́lé, wọ́n á fi gbẹ́ ẹyẹ àti ẹja, wọ́n á dáná ńlá sí etí odò, wọ́n á sì máa se ọbẹ̀ ẹ̀wà fún ẹni tó bá fẹ́. Onílé mi, obìnrin àgbàlagbà kan tó ń gbé lókè orí yàrá mi, ló kan ilẹ̀kùn, tó ní kí n jáde, kí n má máa dá jókòó bí ẹni tí wọ́n ní kó ṣọ́lé. Mo kó gbogbo aṣọ tí mo ní wọ̀, mo lọ.

Ó lẹ́wà o. Mi ò ní purọ́ fún yín. Àwọn ọmọdé ń yọ̀ tẹ̀rẹ́ láti orí òkè yìnyín, wọ́n ń pariwo ayọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dá wá àfi èmi. Mo ra tíì, ó ti tutù kí n tó gbé e dẹ́nu. Mo dúró ti iná, ọkùnrin kan sì rọra bẹ̀ mí pé kí n yà díẹ̀ kí òun lè ya ìyàwó àti ọmọ òun ní fọ́tò. Mo yà. Mo tún lọ dúró síbòmíràn, wọ́n tún ní kí n yà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń yà kúrò nínú fọ́tò ẹlẹ́bí títí ó fi sú mi, mo ní kí n kúkú máa lọ.

Ẹ̀yìn àwọn ilé omi dídì ni mo gbà. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn kan.

"Hùn-ún! Èwo tún lèyí? Ulé dà báyìí?"

Ulé. Bí àwọn èèyàn bàbá wa ṣe ń pe ilé gẹ́lẹ́. Mo dúró. Màmá kan ló jókòó sórí àga tí wọ́n fi omi dídì gbẹ́. Wọ́n wọ kóòtù ọkùnrin tó tóbi jù wọ́n lọ, ìró yọ lábẹ́ kóòtù, wọ́n sì wé gèlè mọ́ fìlà òtútù. Wọn ò wọ ìbọ̀wọ́. Abíyá ni wọ́n ki ọwọ́ bọ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ṣé kò sí o?"

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí. "Ọmọ Yorùbá ni ọ́?"

"Ọmọ Akúrẹ́ ni mí, mà."

"Háà, Olúwa ṣeun! Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni tèmi, ẹ̀gbẹ́ Akúrẹ́ níbẹ̀. Mo wá wẹ ọmọ fún ọmọ mi tó bímọ ni. Ó ní ká wá wòran. Ọmọ ń ké, ó wá ibi tí yóò ti fún un lọ́yàn lọ, ó ní kí n dúró. Mo dúró títí, mi ò mọ̀ bóyá mo lẹ́sẹ̀ mọ́, mo ní kí n rìn díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè lọ síbẹ̀. Ìgbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, funfun báláú. Kò sí igi tí mo lè fi ṣàmì."

"Fóònù yín ńkọ́, mà?"

"Ó wà lórí iná nílé."

"Ilé wo lẹ̀ ń gbé?"

"Ilé pupa kan ni." Wọ́n ronú díẹ̀. "Gbogbo wọn ló pupa."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo sì fọwọ́ kan ọwọ́ wọn. Màámi, ọwọ́ náà le bí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fírísà. Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ wọn ti ń fà, ojú wọn ń rọra pa dé. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi, mo fi wọ̀ wọ́n, mo ní ká dìde.

"Jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ sí i, ọmọ mi. Òtútù náà ti ń dínkù."

Òtútù ò dínkù o. Wọ́n ti kọ́ wa níbí pé bí òtútù bá ń pa èèyàn lọ, kì í mọ̀ ọ́n lára mọ́. Mo fi apá wọn kọ́ mi lọ́rùn, mo gbé wọn dìde. Wọ́n wúwo, ilẹ̀ sì ń yọ̀. Mo ń bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n má bàa sùn. Mo bi wọ́n léèrè orúkọ ọmọ wọn, wọ́n ní Fúnmiláyọ̀, ti ọmọ tuntun ni Ìrètíọlá. Wọ́n mẹ́nu ba oko kòkó wọn, mo bi wọ́n ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ, wọ́n ní àbúrò wọn ni, pé olè ni. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀mí ṣì wà.

Àgọ́ pupa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde ohun tó ń lọ. Wọ́n gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì wá, nọ́ọ̀sì kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ṣe ìtọ́jú ọwọ́ wọn. Mo sọ orúkọ ọmọ wọn fún oníkéde náà: Fúnmiláyọ̀. Ó gbìyànjú. Orúkọ náà fọ́ sí i lẹ́nu. Ó tún pè é, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Màmá la ojú. "Ta ni wọ́n ń pè yẹn?"

"Ọmọ yín ni, mà."

"Kì í ṣe ọmọ mi nìyẹn."

Mo ní kí ó gbé gbohùngbohùn náà fún mi. Màámi, èmi tí ẹ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé mi ò lè pe ẹlẹ́kọ tó ń kọjá níwájú ilé, mo gbé e, mo sì pariwo.

"Fúnmiláyọ̀! Fúnmiláyọ̀ ọmọ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀! Má bẹ̀rù, ìyá rẹ wà níbí o! Inú àgọ́ pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ni wọ́n wà. Wá o, ìyá rẹ ń dúró dè ọ́!"

Ohùn mi fò lọ sórí odò, ó lu àwọn ilé gíga tó wà lódìkejì, ó padà wá bá mi. Àwọn tó ń yọ̀ lórí omi dídì dúró. Ojú gbogbo wọn yí sí àgọ́. Láti ọjọ́ tí a ti sin yín, mi ò tíì la ẹnu báyìí sọ èdè wa. Mo tún bẹ̀rẹ̀, "Fúnmiláyọ̀, ìyá rẹ..."  Mo fi ọwọ́ méjèèjì di gbohùngbohùn náà mú, mo tún un sọ. "Ìyá rẹ wà níbí."

Ó wá. Mo rí i tó ń sáré bọ̀, ọmọ wà láyà rẹ̀ nínú kóòtù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀, ó ń dìde, omijé ti gba ojú rẹ̀ kan.

"Màámi! Ẹ ò gbọ́ràn! Mo ní kẹ́ ẹ dúró! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn nílé?"

"Rọra pariwo," ni màmá wí. "Ọmọ ń sùn."

Fúnmi kúnlẹ̀, ó gbé ojú lé itan ìyá rẹ̀, ó ń bú wọn, ó ń sunkún, ó ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ wọn. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe mí? Mo jowú ìbínú rẹ̀. Kì í ṣe ẹkún rẹ̀, èmi náà ní ẹkún tèmi. Ìbínú yẹn ni. Pé kéèyàn ní ìyá tó ṣì lè ṣàìgbọràn sí i.

Nọ́ọ̀sì ní ọwọ́ náà kò bàjẹ́, pé tó bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni ì bá burú. Fúnmi dì mọ́ mi, ó gba nọ́ńbà mi, ó ní òun á pè mí wá jẹ iyán. Kò tíì pè. Ọmọ jòjòló kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ ráyè, mo mọ̀. Mo kàn ń gbé fóònù sí tòsí ni.

Kí wọ́n tó lọ, màmá bọ́ ìbọ̀wọ́ mi, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ wọn ti ń gbóná.

"Ìyá tìẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n wà?"

Mo wo Fúnmi tó ń gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà. 

"Wọ́n wà, mà."

"Níbo?"

"Ní Akúrẹ́."

Irọ́ ha ni, Màámi? Akúrẹ́ náà kọ́ lẹ wà?

"Bá mi kí wọn o," ni wọ́n wí. "Kí wọn dáadáa. Wí fún wọn pé ìyá kan ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ní ọmọ wọn gbé òun dìde, pé wọ́n kú iṣẹ́ ọmọ títọ́."

"Wọ́n á gbọ́, mà."

Fúnmi fi ọwọ́ kan di ìyá rẹ̀ mú, ó fi èkejì di ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ títí mi ò fi rí gèlè náà mọ́. Mo dúró sínú àgọ́ títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká àga. Nígbà tí mo délé, kò sí ẹni tó bi mí pé báwo ni ibẹ̀ ṣe rí.

Wọ́n rán mi níṣẹ́, mi ò sì lè má jẹ́ ẹ. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ìyá kan láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ kí yín, Màámi. Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ gbọ́?

Èmi tí ẹ bí, tí ẹ tọ́, tí mo nífẹ̀ẹ́ yín títí,
Ọmọ yín ni.