Ọmọ Tí Wọ́n Yọ Orúkọ Rẹ̀ Nítorí Ó Sọ Ohun Tí Ojú Rẹ̀ Rí

Ilé Kejìlá, Òpópónà Afárá Òkúta,
Yunpu, Ìpínlẹ̀ Zhejiang.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kọkànlá, ọdún 2019.

Ọ̀gá Àgbà,
Ọ́fíìsì Ètò Ẹ̀kọ́,
Yunpu.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ BÍ WỌ́N ṢE LÉ MIAO SIQIN KÚRÒ NÍ KÍLÁÀSÌ IṢẸ́ ỌNÀ

1. Èmi, Ruan Peizhi, ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kẹta ní Ilé-ẹ̀kọ́ Girama Kejì ìlú yìí bí a ṣe ń yẹ iṣẹ́ ọnà wò. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé. N kò kọ ìwé ẹ̀sùn rí. Ìwà Igbákejì Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Bao Hongyi, ló sọ mí di akọ̀wé ẹ̀sùn.

2. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejìlélógún oṣù tó kọjá, a tẹ́ àwòrán mẹ́rìndínlógún sílẹ̀ bí a ti máa ń ṣe, nọ́ḿbà níwájú, orúkọ lẹ́yìn. Ọmọ kọ̀ọ̀kan fa nọ́ḿbà nínú agolo tíì. Òfin mi kò ju mẹ́ta lọ: sọ ohun tí o rí kí o tó sọ bóyá ó wù ọ́, fi ọwọ́ tọ́ka síbi tí o ti rí i, má sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó yà á. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń bá ara wa wo iṣẹ́.

3. Nọ́ḿbà méje bọ́ sọ́wọ́ Miao Siqin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Èédú ni wọ́n fi yà á: ìyá àgbà kan tó ń bó èèpo ẹ̀wà tútù. Ọmọ náà wò ó pẹ́. Ó ní: "Ọwọ́ ìyá yìí dára, ìka tó rọ yẹn wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀, ẹlòmíràn ló yà á. Ẹni náà mọ iṣẹ́ ju ẹni tó ya ìka lọ, àmọ́ kò wo ìyá yìí rí. Ojú tó ti há sórí ló kàn gbé lé e." Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, nítorí Ọ̀gbẹ́ni Bao àti àlejò mẹ́ta ti dúró lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

4. Ẹ mọ àṣà wa. Olùkọ́ a jókòó sórí àpótí ọmọ, a gba èédú lọ́wọ́ rẹ̀, a tún àwòrán rẹ̀ yà fún un. Ọmọ a sì dúpẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Bao, tí òun náà ń kọ́ni ní àwòrán, ló tún ojú nọ́ḿbà méje yà ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà. Láti ẹnu ọ̀nà, ó pariwo pé: "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló kọ́ ọ kí o máa fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́?" Siqin dáhùn pé: "Ẹ má bínú sà, ohun tí mo rí ni mo sọ." Ọ̀gbẹ́ni Bao ní kí ó kọ lẹ́tà ìjẹ́wọ́ ẹ̀bi, kí ó kà á lábẹ́ àsíá níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ọmọ náà kọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí kíláàsì gbogboogbò, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tí yóò ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọnà ti ìpínlẹ̀. Wákàtí tí mo fi ń kọ́ wọn, wọ́n fi ṣe ti ìṣirò.

5. Ìgbà tí wọ́n lé e tán ni mo yí nọ́ḿbà méje padà. Orúkọ Miao Siqin ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ ara rẹ̀ ló fà, ìyá ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà ló yà, òfin mi ni kò sì jẹ́ kó sọ ọ́.

6. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ìyá náà wọkọ̀ wá láti abúlé, ó gbé àpò ẹ̀hù ọparun gbígbẹ dání láti fi bẹ̀bẹ̀. Ìṣojú mi ni. Ọ̀gbẹ́ni Bao wo ìyá tí òun fúnra rẹ̀ ya ojú rẹ̀, kò dá a mọ̀, ó ní: "Màmá, ta lẹ ń wá?" Ìyá náà ní: "Èmi ni mo ni Siqin. Ẹ bá mi dárí jì í, ọ̀gá. A ò kọ́ ọ ní irọ́ pípa nílé ni." Ọ̀gbẹ́ni Bao ní kí wọ́n mú ìyá náà jáde. Inú bí mi gidigidi, ó sì ń bí mi títí di báyìí.

7. Ọ̀gbẹ́ni Bao ní dandan ni kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà ṣìnà. N kò ní kọ ọ́. Àwòrán náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí; ẹ ránṣẹ́ pe ìyá náà, kí ẹ fi ojú wé ojú. Ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò yóò parí lọ́jọ́ kẹwàá oṣù yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ lè pàṣẹ kí orúkọ Siqin padà. Bí ọjọ́ náà bá kọjá lórí rẹ̀, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù yóò mú lọ: kí wọ́n rí, kí wọ́n sì panu mọ́. Ẹ wá olùkọ́ mìíràn tí yóò kọ́ wọn ní ìyẹn.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dópin.

Èmi ni tiyín, tìbínú-tìbínú àti tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀,

Ruan Peizhi (Abilékọ),
Olùkọ́ Iṣẹ́ Ọnà.