Réènkóòtù Tí Mo Rán fún Jẹ̀lílì

Ojúlé Kejìlá,
Ẹ̀yìn Mọ́sáláṣí,
Ìbàfò,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
9 Oṣù Ọ̀wàrà, 1988.

Àdìó, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ìyàwó àtàwọn ọmọ ńkọ́? O kú oríire máṣìn tuntun, Ọlọ́run á jẹ́ kó o fi rí ṣe. Má bínú pé mi ò tètè fèsì. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ ti dé ni mo ti ń gbé bírò, tí mo tún ń gbé e sílẹ̀.

O ní kí n rán réènkóòtù fún ọ, irú èyí tí mo rán fún Jẹ̀lílì wa. Àdìó, mi ò ní rán an.

O mọ̀ pé Jẹ̀lílì ti ń fi máṣìn gbé èrò láti Mówè lọ sí Ọ̀fàdà. Òjò ọdún yìí pọ̀, ikọ́ sì dè é mọ́lẹ̀. Ó rí kóòtù òkìríkà kan lọ́jà Ìfọ̀, mo ní kó má rà á, pé á máa fa omi bíi kànìnkànìn. Èmi ni mo lọ wá tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù tírélà. Òwú tí wọ́n fi ń rán bàtà ni mo fi rán an, mo wá yọ́ àbẹ́là dí gbogbo ojú abẹ́rẹ́. Mo da omi sí i lójú gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀kán kan ò kọjá. Mo fẹ̀ bí ọba lọ́jọ́ náà, kí n má purọ́ fún ọ.

Àwọn onímáṣìn ibí, iwájú ẹ̀wù ni wọ́n ń kọ sẹ́yìn, kí atẹ́gùn má baà gba ojú bọ́tìnnì wọlé sí wọn láyà. Èmi ni mo máa ń bá a de tiẹ̀ láràárọ̀. Ó ní ó ti gùn jù, kí n gé e. Mo ní, ìwọ tí o ò ní bàtà rọ́bà, ṣé kí òjò jẹ ọ́ lẹ́sẹ̀ ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní télọ̀ ló mọ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, ṣéènì ká etí ẹ̀wù náà lórí eré. Kò lè tú bọ́tìnnì, ẹ̀yìn ló wà. Aṣọ mìíràn ì bá ya. Tèmi ò ya. Ó fà á ṣubú, ó sì wọ́ ọ lórí títì. Ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ló kán. Láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Dókítà ní ká máa gbàdúrà, bó ṣe sọ ọ́ ni mo ti mọ̀ pé ó ti tán. À ń gbàdúrà náà.

Kò bá mi jà o. Ó ṣì ń pè mí ní télọ̀ òun. Ìyẹn gan-an ló ń pa mí.

Ìwọ, ra bàtà rọ́bà àti akoto. Kóòtù rẹ ò gbọdọ̀ kọjá ìbàdí, iwájú ni kó o sì de bọ́tìnnì sí. Bí òjò bá pa ọ́, jẹ́ kó pa ọ́. Aṣọ tó tutù á gbẹ.

Bá mi kí gbogbo ilé. Bí ìyá Jẹ̀lílì bá béèrè ọmọ wọn, sọ pé iṣẹ́ ló dí i lọ́wọ́.

Mo ti fẹ́ pa lẹ́tà yìí dé, àmọ́ ta ni mo tún fẹ́ sọ ọ́ fún? Lọ́jọ́ Ajé, Ròkíátù ìyàwó rẹ̀ gbé réènkóòtù náà wá bá mi. Mo rò pé ó fẹ́ jù ú lù mí ni. Ó ní kí n gé apá rẹ̀ kúrò, kí n sọ ọ́ di ohun tí wọ́n máa tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, torí Jẹ̀lílì ò mọ ìgbà tó ń tọ̀ mọ́, tìmùtìmù sì ti ń jẹrà. Mo tú u. Èmi fúnra mi ni mo tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀.

Àdìó, kò jò.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bùrẹ́ímọ̀.