Ọpọlọ Kejì Inú Sáfà
Sátidé, ìrọ̀lẹ́, Igbónà.

Sáfà, kọ̀ǹpútà gbàǹgbà tí ọ́fíìsì wa ò lò mọ́ tí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ, ti ṣiṣẹ́ lónìí. Fáànù rẹ̀ ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta! Ọpọlọ méjì, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń bá a ronú, ló ní, ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré ni géèmù bọ́ọ̀lù àtijọ́ tí mo fi sínú rẹ̀ ń lò. Èkejì kàn wà níbẹ̀ ni.

Èmi àti Dàpọ̀, àbúrò mi tó ti dolóògbé, la jọ máa ń gbá a nílé wa n'Iléṣà. Orí àga kan là ń jókòó, kíbọọ̀dù kan là ń tẹ̀. Òun lápá òsì, èmi lápá ọ̀tún. Bí mo bá ti fẹ́ gbá góòlù wọlé, á fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ìyàwó mi yọjú.

"Bàbá Tọ́lá, ta lẹ sún fún lórí àga?"

Mo ní ariwo fáànù ò jẹ́ kí n gbọ́.