Oúnjẹ Tí A Gbé Síwájú Ẹ̀gbọ́n Morihiko Lórí Òkè

Ẹ̀gbọ́n mi Morihiko, ọdún kẹfà rèé tí ẹ lọ. Ìkeje ni wọ́n kọ sínú ìwé tẹ́ńpìlì, torí wọ́n ka ọjọ́ tí ẹ kú gan-an mọ́ ọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ilé yín kò mọ ẹ̀rù. Láti ọjọ́ tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, èmi Tamotsu àbúrò yín ni mo dúró bí òpó lẹ́nu ọ̀nà. Òjò dídì wó òrùlé ilé ìṣẹ́ lọ́dún kejì, àyà mi ò já. Ilẹ̀ mì tìtì lọ́dún kẹta, mi ò tilẹ̀ jí. Ajá márùn-ún tí ẹ fi sílẹ̀ wà lẹ́yìn mi, ajá Akita pọ́ńbélé, tí àwọn baba ńlá wọn ń kojú béárì láìfẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Ẹ máa sinmi. Kò sí ohun tó lè dẹ́rù ba àwa.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo kọ ìyẹn, kí a tó gun òkè. Mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà torí pé inki ti gbẹ. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kejì rèé. Bí ẹ bá rí i pé ìkọ̀wé mi ń wọ́ bí ipa ìgbín láti ibí lọ, ẹ má bínú, ọwọ́ mi ò tíì dẹ́kun gbígbọ̀n.

Ọdún kẹfà rèé tí ẹ lọ. Chigusa ọmọ yín, tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ti di mẹ́rìnlá. Ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ó sì ń wò mí bí ìgbà téèyàn ń wo àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ yẹ̀. Fusae ìyàwó yín ṣì ń ṣí ilé ìṣẹ́ ní aago méje àárọ̀. A ṣì ń fi igi kédárì ṣe abọ́ ìgbóúnjẹ, a ṣì ń rẹ pátákó rẹ̀ sínú omi gbígbóná kí a tó tẹ̀ ẹ́. Èyí tí ẹ̀yin bá tẹ̀ máa ń rí roboto. Tèmi máa ń rí bí ẹyin tí adìẹ fìbínú yé. Àwọn èèyàn ṣì ń rà á, Ọlọ́run ló mọ ìdí.

Àwọn ajá ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ sọ gbogbo wọn lórúkọ ohun jíjẹ, bí ẹni ń kọ ìwé ọjà. Goma, ìyá wọn, ti pé ọdún méjìlá. Etí rẹ̀ méjèèjì ti di, ó sì máa ń jáde lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin, Kuri, Azuki, Daizu àti Mame, ti fẹ̀ débi pé bí wọ́n bá dùbúlẹ̀ sí pálọ̀, àwa a máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn lára ògiri bí olè.

Inú ilé la ti máa ń ṣe ìrántí yín lọ́dọọdún. Fọ́tò yín, tùràrí, abọ́ ìrẹsì tí a ki igi ìjẹun bọ̀ lóòró. Bí tùràrí bá ti jó tán, a ó gbé oúnjẹ náà kúrò níwájú yín, a ó sì jẹ ẹ́. Òkú ti jẹ tirẹ̀, ó ku ti alààyè. Bí bàbá wa ṣe kọ́ wa nìyẹn. Èmi ni mo ní lọ́dún yìí, kí a gbé ọ̀rọ̀ náà gòkè, kí a lọ sí etí odò níbi tí ẹ ti máa ń pàgọ́ pẹ̀lú àwọn ajá ní gbogbo oṣù kẹwàá. Orí yìí ló rò ó. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ rẹ̀ kíá.

Nísàlẹ̀ òkè, ìyá àgbà tó ń bójú tó ibi ìpàgọ́ yẹn dá wa dúró. Ó ka àwọn ajá, ó ka àwa náà.

"Igi inú igbó ò so èso lọ́dún yìí," ó ní. "Ebi ń pa àwọn béárì. Ẹ ka pátákó yẹn dáadáa."

Pátákó náà ní kí ẹnikẹ́ni má fi oúnjẹ sílẹ̀ níta àgọ́. Mo kà á sókè, bí ẹni pé àwọn ajá ni mo ń kà á fún.

A gun òkè. A so ṣaworo mọ́ ọrùn ajá kọ̀ọ̀kan kí béárì lè gbọ́ wa kó yà fún wa, a sì ń dún bí agbọ̀n abọ́ tó ń yí lórí àtẹ̀gùn. Ní ìrọ̀lẹ́, a tẹ́ oúnjẹ yín sórí òkúta pẹrẹsẹ kan: ìrẹsì, ẹja odò yíyan, èso kákì mẹ́ta, àti ife ọtí ìrẹsì kékeré. A gbé fọ́tò yín tì í. A wólẹ̀. Nígbà tí tùràrí jó tán, Fusae na ọwọ́ sí abọ́.

Mo ní, "Ìyá Chigusa, ẹ fi sílẹ̀. Ìgbà wo ni Ẹ̀gbọ́n jẹun kíá rí?"

"Pátákó ní kí a má fi oúnjẹ síta."

"Oúnjẹ Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe oúnjẹ. Ọ̀wọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kó jẹun dọ́la, ọdún keje kì í ṣe ọdún kékeré."

Chigusa ní, "Bàbá kékeré, ṣé béárì mọ ọ̀wọ̀?"

"Ajá márùn-ún ló wà níbí. Kí béárì kọ́kọ́ wá tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn."

"Mo ti sọ tèmi o," Fusae ní, ó sì wọ àgọ́ lọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo tún ṣe. Àwọn ajá ń họra nínú àgọ́ lọ́dọ̀ wa, ṣaworo ń dún ṣínkínṣínkín, oorun ò sì kùn mí. Mo bọ́ gbogbo ṣaworo márààrún, mo kó wọn sínú bàtà mi. Mo tún so okùn ọrùn àwọn ọmọ ajá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ọ̀pá àgọ́. Mo ní kí ìgboyà wọn má baà pọ̀ jù, kí wọ́n má lọ pa béárì ẹlẹ́béárì sí wa lọ́rùn. Mo sùn bí ọba.

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, ara àgọ́ búlúù wa ti funfun díẹ̀ bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, nígbà tí mo gbọ́ tí abọ́ kan fọ́ níta.

Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ rò pé ó jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mo ní, Ẹ̀gbọ́n ti wá jẹun lóòótọ́, ìrẹsì yẹn ò sì jinná tó. Gbogbo irun ara mi dìde. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ mímí. Kò jọ mímí òkú, kò sì jọ ti alààyè tí mo mọ̀ rí. Ó wúwo, ó ń fọn ikun, ó ń dúró, ó ń gbọ́, á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Fusae ti jókòó. Ó kàn fi ìka tọ́ka sí ibi tí Chigusa sùn sí. Àpò ìsùn rẹ̀ ṣófo. Goma náà ò sí níbẹ̀.

"Ó mú Goma lọ tọ̀," Fusae sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ètè rẹ̀ sì funfun.

Mo ṣí síìpù níwọ̀n ìka kan. Ẹ̀yìn béárì kún ojú mi, ó dúdú, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ó ti jẹ ẹja tán, ó ń lá ọtí lórí òkúta. Fọ́tò yín ti ṣubú, ó kọjú sókè, béárì náà sì fi ẹsẹ̀ iwájú kan tẹ àyà yín mọ́lẹ̀. Níwájú rẹ̀, bí ogún ìṣísẹ̀, lẹ́bàá odò, ọmọ yín dúró. Goma fara ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sí ṣaworo kankan lọ́rùn Goma tí béárì ìbá fi gbọ́ pé èèyàn ń bọ̀. Inú bàtà mi ló wà.

Chigusa ò sáré. Ó rẹ ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó dúró. Ó fi èkejì sẹ́yìn, ó kan omi. Kò sí ibòmíràn tí yóò fẹ̀yìn rìn gbà mọ́. Béárì gbé orí sókè.

Ẹ̀gbọ́n, mo la ẹnu láti kígbe, ohùn ò jáde. Èmi tí wọ́n ti lé jáde ní tẹ́ńpìlì rí nítorí ọ̀rọ̀ àsọjù. Mo yíjú sí àwọn ọmọ ajá. Mo fi ọwọ́ júwe fún Kuri pé kó jáde. Kuri ki orí bọ abẹ́ ìrọ̀rí Fusae. Azuki tọ̀ sára àpò ìsùn mi. Daizu di ojú, bí ẹni pé bí òun ò bá rí béárì, béárì ò rí òun. Mame, ẹran ńlá yẹn, ń wá ọ̀nà wọ inú kóòtù tí mo wọ̀ sọ́rùn. Gbogbo àwa tí a wà nínú àgọ́ yẹn la fẹ́ wà lẹ́yìn, bí wọ́n ṣe ń tì mí síwájú nìyẹn.

Béárì dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjì. Ó kọjú sí ọmọ yín.

Mo rántí agolo ata tí wọ́n fi ń lé béárì. Mo fà á yọ lápò kóòtù mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Mo nà án sí ojú síìpù, mo pe orúkọ yín nínú, mo sì tẹ̀ ẹ́.

Ojú ihò agolo náà kọ sí mi.

Ata kì í ṣe ojúsàájú. Ó kún àgọ́, ó wọ ojú mi, ó wọ imú Fusae, ó wọ ọ̀nà ọ̀fun ajá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n fi orí já síìpù, wọ́n tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà gba ẹnu ọ̀nà. Okùn wọn sì wà lára ọ̀pá. Àgọ́ ṣí kúrò nílẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ibi tó ń lọ, èmi àti ìyàwó yín wà nínú rẹ̀, à ń yí, à ń sín, à ń ké, ìkòkò tíì ń gbá mi lórí. Ohùn mi ti dé. Ó tilẹ̀ pọ̀ jù.

Chigusa ló sọ ohun tó kù fún wa, torí pé a ò ríran fún bí wákàtí kan. Ó ní béárì bojú wẹ̀yìn, ó rí ohun aláwọ̀ búlúù kan tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún níwájú àti ẹsẹ̀ èèyàn lẹ́yìn, tó ń fi ohùn mẹ́fà ké bọ̀ wá bá a. Ó fi gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sá wọ igbó ọparun, kò wẹ̀yìn mọ́. Goma, tí etí rẹ̀ di, ti fara ti ẹsẹ̀ Chigusa ní gbogbo àkókò náà. Ó ń wo odò.

Ọmọ yín ló tú wa sílẹ̀. Òun ló bu omi odò fọ ojú wa. Ìdajì omi náà ló ń dà sí mi létí.

"Kí ló dé tí o ò sáré?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Bàbá ní kí n má sáré. Ó ní kí n má wò ó lójú, kí n máa fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. A máa ń ṣe é lẹ́yìnkùlé. Òun á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dúdú borí, òun á ṣe béárì."

Ìgbà náà ni mo rántí, Ẹ̀gbọ́n. Ojú fèrèsé ni mo wà, mo ń fi yín rẹ́rìn-ín. Mo ní àgbàlagbà ń rákò. Ọmọ ọdún méje ni ọmọ yẹn nígbà náà. Ó di í mú títí di òní.

Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀, ìyá àgbà yẹn rí ojú wa tó pọ́n, tó wú, tí omi ń dà lójú gbogbo wa títí kan àwọn ajá. Ó wo fọ́tò yín lọ́wọ́ Fusae. Ó tẹríba.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó ní. "Ó hàn pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀."

Àwa náà tẹríba, a sì ń sín.

Láti ọjọ́ náà, bí ife bá fọ́ níbi ìfọbọ́, abẹ́ tábìlì ni mo máa ń bá ara mi, àwọn ajá á sì ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Mo ń so ṣaworo mọ́ ìgbànú lọ ra ẹ̀wà sóyà. Mo máa ń jí ní ìdájí, mo ń rí ọmọ yẹn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan omi, tí kò sí ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì máa ń lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ títí n ó fi gbọ́ pé ó ń mí. Lánàá, mo bá Fusae níbẹ̀. A jọ ń gbọ́ mímí náà.

Ọdún kẹfà rèé tí ẹ lọ, Ẹ̀gbọ́n mi, akin ọkùnrin, ẹni tó ń sùn lórí òkè béárì bí ọmọ tó sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ẹ kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀yin lẹ gba ọmọ yín là. Àárò yín ń sọ wá lójoojúmọ́. A fẹ́ràn yín lánàá, a fẹ́ràn yín lónìí, a ó máa fẹ́ràn yín lọ. Àwa Fusae, Chigusa, Tamotsu, àti ajá márùn-ún tí ẹ fi sílẹ̀.

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Fusae kí n tó gbé e síwájú fọ́tò yín. Ó ń nu abọ́ lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Ẹ pa ibi tẹ́ ẹ ti pè é ní akin yẹn rẹ́," ó ní. "Kò fojú kan oorun lórí òkè yẹn rí. Ẹ̀rù ló ń bà á, ló ṣe ń kó ajá márùn-ún lọ."