Omi Wàláà Tí Ẹ Dà Sínú Rédíétọ̀

Bàbá mi, Àfáà mi tí mo ń pè tí kò lè dáhùn mọ́,

Inú bọ́ọ̀sì yín ni mo jókòó sí tí mo ń kọ lẹ́tà yìí. Mo páàkì sábẹ́ igi lẹ́bàá ilé-ìwé, mò ń dúró de àwọn ọmọ kí wọ́n jáde. Ràmátà ti sùn lọ sẹ́yìn, ó fi àtàǹpàkò sẹ́nu. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta báyìí. Kò rántí yín, Bàbá. Mo fi fọ́tò yín hàn án lórí fóònù, ó pè yín ní Àfáà, inú mi dùn. Àṣé láwàní ló rí. Gbogbo ẹni tó bá ti wé láwàní ni Àfáà lójú tiẹ̀.

Bọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má tíì yọ̀. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe kí n tó rí i gbà padà, mi ò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó wà láyé. Ìyá pàápàá ò mọ̀.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí a gbé e dé Òkè-Oyì? Ẹ ti ta gbogbo màlúù yín, ẹ ò ṣẹ́ ọ̀kan kù, kí ọmọ yín obìnrin lè máa kó ọmọ ilé-ìwé lọ sí Ìlọrin. Wọ́n bi yín ní mọ́ṣáláṣí pé ṣé obìnrin ni yóò máa wa bọ́ọ̀sì. Ẹ ní obìnrin ló gbé gbogbo wọn fún oṣù mẹ́sàn-án, kò sì já ẹnì kankan sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ náà, ẹ kọ Áyátùl-Kúrúsíyù sára wàláà, ẹ fi omi fọ̀ ọ́ sínú igbá, tàdáwà tí ẹ fi kọ ọ́ sì sọ omi náà di dúdú. Gbogbo wa mu díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wá ní kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ rọra da ìyókù sínú rédíétọ̀, ẹ ń fi ọwọ́ kejì ká etí jàlàbíà yín mọ́ra kó má baà fi eruku kan mọ́tò tuntun. Èmi ni mo ń ṣe àmín. Láti ọjọ́ náà, tí ẹ bá ti kírun aláásárì tán, ẹ̀ ń lọ jókòó sínú rẹ̀ níbi tó dúró sí, ẹ̀ ń fa tẹ̀sùbáà, bàtà yín á wà nílẹ̀ níta bíi pé ilé lẹ wọ̀.

Oṣù karùn-ún lẹ́yìn náà ni ẹ lọ. Mo máa ń dúpẹ́ pé ẹ ò rí ìyókù.

Ọ̀nà ìlú ló ti ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Èéfín funfun bo gíláàsì, ẹ́ńjìnnì ń hó bí ìkòkò, àwọn ọmọ ń ké. Mo kó wọn bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kà wọ́n, mo tún wọn kà. Wọ́n wọ́ bọ́ọ̀sì náà lọ sí ilé-iṣẹ́ tó tà á fún wa. Ìgbà tí mo débẹ̀, Bàbá, mo rí àwọn irú rẹ̀ mìíràn lórí ìlà, gbogbo wọn la bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Mẹkáníìkì wọn kan ló fi hàn mí. Abẹ̀bẹ̀ kékeré kan wà nínú pọ́ńpù tó ń ti omi yí ẹ́ńjìnnì ká, ike ni wọ́n fi ṣe é, ó ń kán. Tó bá ti kán, omi ò ní rìn mọ́, ẹ́ńjìnnì á jinná.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Ràmátà," ó ní. "Gbogbo irú èyí ló ń ṣe é. Ilé-iṣẹ́ mọ̀ sí i. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀."

Ara tù mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ foríkanlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì.

Ìgbà náà ni ọ̀gá wọn dé. Ó ti ìka bọ rédíétọ̀, ó yọ ọ́ jáde, dúdú wà lórí rẹ̀.

"Kí lẹ dà síbí?"

Mo lè sọ pé mi ò mọ̀. Ẹnikẹ́ni tó gbọ́n á sọ pé òun ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ tọ́ mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, wàláà, tàdáwà, igbá, mo rò pé á bọ̀wọ̀ fún un.

"Ẹ sáré wá o!" Ó pa àtẹ́wọ́. "Ẹ wá wo mọ́tò tó lọ ilé-kéwú!"

Wọ́n kóra jọ. Ọ̀kan ní, "Hàjíà, ìgbà wo ló máa ṣe wòlímọ̀? A máa wá jẹun o!" Òmíràn ní kí wọ́n dán an wò kí wọ́n mọ̀ bóyá ó ti dé súrà Yásínì. Èmi náà rẹ́rìn-ín, Bàbá. Ẹ̀rù ló rẹ́rìn-ín lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ẹ̀rín, ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ ti tán. Ó ní àwọn lè ṣàánú mi, kí àwọn tún un ṣe, tí mo bá buwọ́ lu ìwé kan. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, mo sì ka sẹ́kọ́ńdìrì jáde, mi ò lè díbọ́n pé kò yé mi. Ìwé náà ní bàbá mi, orúkọ yín wà níbẹ̀ ní kíkún, ló da omi ìdọ̀tí sínú ẹ́ńjìnnì, pé òun ló bà á jẹ́, pé kò sí ohun tó ṣe pọ́ńpù ilé-iṣẹ́. Omi ìdọ̀tí ni wọ́n pè é.

Mo mú ìwé náà délé láìbuwọ́ lù ú. Ìyá ní, "Kó jẹ bọ́ọ̀sì náà! Kó fi kó ìyá ẹ̀! Ṣé ọkọ mi ni wọ́n fẹ́ gbé irọ́ lé lórí nínú sàréè?"

Mo gbìyànjú, Bàbá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni àwọn ọmọ fi ń gun ọ̀kadà lọ sílé-ìwé, mẹ́ta mẹ́ta lórí ẹyọ kan. Lọ́jọ́ tí Sódíìkì ọmọ Ìyá Alásun já bọ́, sàléńsà ọ̀kadà náà bó o ní ojúgun, mo rí ẹran pupa. Kò sunkún, ó kàn ń wò mí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo lọ buwọ́ lù ú.

Mo sọ fún Ìyá pé Ọlọ́hun ló rọ ọ̀gá náà lọ́kàn. Ṣé ẹ mọ̀ pé ó fi iṣu ránṣẹ́ sí i? Lẹ́yìn ìrun, ó ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúà. Èmi ò lè ṣe àdúà tiyín parí mọ́. Tí mo bá dé ibi orúkọ yín, ahọ́n mi á dúró.

Lánàá, mo tún lọ sí ilé-iṣẹ́ náà kí wọ́n yẹ bọ́ọ̀sì wò. Mo bi mẹkáníìkì yẹn irú pọ́ńpù tí wọ́n fi sí i. Ojú ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní ike náà ni. Kò sí òmíràn. Torí náà ni mo ṣe ń pa rédíò báyìí tí mo bá ń wakọ̀, mo ń dẹtí sí ẹ́ńjìnnì, tí ọmọ kan bá rẹ́rìn-ín sókè, àyà mi á já.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń fi irú bọ́ọ̀sì wa kó búrẹ́dì. Tiẹ̀ náà ti hó. Ọ̀gá ò tiẹ̀ ṣí rédíétọ̀ rẹ̀ wò. Ó fa fáìlì yọ, ó mú ìwé mi jáde, wọ́n ti fi ọ̀rá bò ó kó má baà gbó, ó sì kà á sí i létí, orúkọ yín lákọ̀ọ́kọ́.

"Ohun tí ẹ̀yin èèyàn máa ń ṣe nìyí. Ẹ ó da ìranù sí i, ẹ ó wá ní ó ń hó."

"Mo fi Ọlọ́hun búra, mi ò da nǹkan kan sí i!" Ó yíjú sí mi. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Obìnrin bíi tèmi ni ẹ̀yin náà."

Mo mú kọ́kọ́rọ́ mi lórí tábìlì. Mo jáde.

Bàbá, ṣé omi yẹn ni? Ṣé ó lè jẹ́ òun? Ẹ dákun, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Láti àná ni mo ti ń bẹ Ọlọ́hun pé kó jẹ́ òun. Kó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́ lóòótọ́, kí n má baà jẹ́ òpùrọ́.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì buwọ́ lù ú.